Bí Mo Ṣe Ṣi Orúkọ Ùdí-Àfàrà Kọ

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé Ṣakí ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Ore ṣe rí. Mo máa ń dáhùn pé ó dára, torí ìdáhùn kúkúrú ni ènìyàn ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé orúkọ kíkọ ni iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ pè mí, àti pé lẹ́tà kan ṣoṣo tí mo yí padà láìbi ẹnikẹ́ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gba omi lẹ́nu odidi àdúgbò kan. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀, kò ṣeé gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ètò ìlú ni mo kọ́ ní yunifásítì, ẹ sì mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti sin ìjọba tán ni mo ti wà nílé, tí mò ń bá ìyá mi jókòó sí ìsọ̀. Nígbà tí sọ̀féyọ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àbúrò bàbá mi ránṣẹ́ láti Ore pé òun ń wá ẹni tí yóò wọ ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò tuntun kan, tí yóò kọ orúkọ àwọn ará ibẹ̀ àti orúkọ òpópónà wọn sílẹ̀ kí òun lè fi ya àwòrán ilẹ̀ náà, inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Àwọn méjèèjì wà nínú mi pọ̀, mi ò mọ èyí tó tóbi jù. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún, tó bá dé, mo máa ń wá ibi tí mo lè sá sí.

Ọ̀nà

Mi ò ní fi ìròyìn mọ́tò wíwọ̀ dí yín létí. Lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde ni ayé yí padà mọ́ mi lójú. Lọ́dọ̀ wa, ojú ń rìn jìnnà: àpáta, koríko, igi emi tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí àwọn tó bá ara wọn jà lánàá. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, igbó súnmọ́ títì tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé bí mo bá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ewé yóò bọ̀ mí lọ́wọ́. Kì í ṣe igbó náà ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mi ò mọ orúkọ igi kan ṣoṣo nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ ni mò ń lọ kọ.

Nígbà tí a dé Ore, kọndọ́tà fò sílẹ̀ kí mọ́tò tó dúró. “Ore rèé o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jẹun, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ̀ sí ara táyà mi!”

Mo gbé báàgì mi. Ó wò mí. “Àńtí, ẹ fi ẹrù sílẹ̀, a ò níí pẹ́ lọ.”

“Ibí ni mo ń bọ́ sí.”

“Ore gan-an? Ẹ ò lọ Bìní? Ẹ ò kọjá odò?”

“Ore ni.”

“Háà. Ẹ kú ìgboyà o.”

Àwọn èrò tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Mo dúró láàárín ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn tó ń jẹun kíákíá kí wọ́n lè máa lọ síbòmíràn, ó sì ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mo dé síbi tí gbogbo ayé ti ń kọjá. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń bu oúnjẹ fún wọn ní ilé níbẹ̀, wọ́n ní ọmọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí lára mi ni mò ń sọ fún yín.

Mo fi ìwé ọwọ́ mi han ọlọ́kadà kan. Orúkọ tí àwọn tó ta ilẹ̀ náà sọ àdúgbò náà ló wà nínú ìwé náà, orúkọ òyìnbó gígùn kan tí góòlù àti ọgbà wà nínú rẹ̀.

Ó kà á tán, ó pe èkejì rẹ̀. “Rájí, ta ló ń gbin góòlù ní Ore?”

“Kí ló sún mọ́ ibẹ̀?” Rájí bi mí.

Mo ní wọ́n sọ fún mi pé ojú ọ̀nà Odigbo ni, pé ẹ̀rọ ńlá kan tó ti dípẹtà wà lẹ́nu àbáwọlé rẹ̀.

“Ó-ò! Katakata-Kú ló ń lọ!” Àwọn méjèèjì pariwo pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn rí kọ́kọ́rọ́ tó ti ń wá.

Ibí la ń sùn

Òótọ́ ni, katakata náà ti kú. Ó dúró lẹ́nu àbáwọlé, koríko ti gba inú rẹ̀ jáde, àwọn ẹyẹ ti kọ́ ilé sí ibi tí awakọ̀ máa ń jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀: ilé tó ti parí, ilé tí kò lórùlé, ẹ̀gẹ́ láàárín méjèèjì, ilẹ̀ pupa. Bí ẹ bá bi ará Ore, yóò ní Odigbo ni ibẹ̀. Bí ẹ bá bi ará Odigbo, yóò ní Ore ni.

Alága ẹgbẹ́ onílé ló kọ́kọ́ gbà mí lálejò. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ìwó, Alhaji ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó bu omi kànga rẹ̀ sínú ife, ó gbé e síwájú mi. Omi náà pọ́n.

“Má mu ún,” ni ó wí. “Mo kàn ní kó o rí i ni. Bí àlejò bá wá, a kì í po tíì fún un. Ó ti wà nínú kànga.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àjọ kan ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ káàkiri agbègbè náà láìgba kọ́bọ̀, pé ẹ̀rọ náà wà ní Ajue lọ́wọ́lọ́wọ́, pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ní Ọjọ́bọ̀, ni yóò kan àwọn. Ṣùgbọ́n àwọn gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹnìkan fi ọwọ́ sí ìwé pé òun yọ̀ǹda fún gbogbo àdúgbò. Bí kò bá sí, wọn yóò wakọ̀ kọjá lọ sí Agbabu. “Gbogbo pílọ́ọ̀tì ibí ti ní olówó,” ni ó wí. “Ibì kan ṣoṣo ló kù. Ti Ìyá Kòkó.”

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kejì. Nínú ìwé tí sọ̀féyọ̀ fún mi, ìbéèrè kẹta ni: Ọmọ ibo ni yín? Bíríkìlà kan ní Òkénè. Màmá Chíkà tó ń ta mílíìkì àti ọṣẹ ní Ńnéwì. Tísà tó ń gbé òdìkejì rẹ̀ ní Ìfọ́n.

“Ọdún mélòó lẹ ti lò níbí, sà?”

“Ó di ọdún kẹsàn-án.”

“Ṣé kí n kọ ibí sí i, gẹ́gẹ́ bí ilé?”

“Rárá o. Ibí la ń sùn. Ilé wà nílé.”

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe dáhùn. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n bímọ, wọ́n gbin igi àgbọn sí ẹnu géètì, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọ́n di ẹrù sílẹ̀ nínú ọkàn wọn. Ó bà mí nínú jẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fa ìlà òpópónà àti ibi tí gọ́tà ń gbà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìgbà tí ilẹ̀ tí a gé sí wẹ́wẹ́ ń di ìlú.

Púpurú

Ilé sọ̀féyọ̀ ni mo dé sí. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ajue, Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé. Bí òun àti àwọn ará rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, mo máa ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo máa ń gbọ́ ìparí rẹ̀, àárín rẹ̀ á sì sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ ni wọ́n ń pè ní ọma. Bí mo bá jókòó láàárín wọn, tí gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, tìtìjú tìtìjú, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mi ò gbọ́. Yorùbá ni mí, mo wà láàárín Yorùbá, mo sì jẹ́ àlejò. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú àjòjì bẹ́ẹ̀ wà.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní ni wọ́n gbé púpurú ka iwájú mi. Ẹ̀gẹ́ ni, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n mọ ọ́n bí bọ́ọ̀lù, wọ́n yan án lórí èéfín, kí wọ́n tó tún fi omi gbígbóná rò ó. Ọbẹ̀ ewé marúgbó tó bá a wá dúdú bí ilẹ̀ àkùrọ̀. Mo ń wò ó.

“Ọmọ Ọ̀yọ́,” ni ìyàwó sọ̀féyọ̀ wí, “ojú kọ́ ló ń jẹ ẹ́.”

Mo bu òkèlè. Èéfín ni mo kọ́kọ́ tọ́ wò, lẹ́yìn náà ìkorò díẹ̀, lẹ́yìn náà ohun kan tí ó gbóná wọ àyà mi lọ. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀ pé mò ń retí rẹ̀.

Ìyá Kòkó

Ìpẹ̀kun àdúgbò náà ni Ìyá Kòkó ń gbé, nínú ilé alámọ̀ kan tí igi kòkó bíi méje dúró yí ká. Kùkùté ńlá kan wà nítòsí ilé náà, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn mẹ́rin lè jókòó lé e láìfara kanra. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ìwọ ni ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ka ènìyàn?”

“Èmi ni, mà.”

“Ka èmi náà. Ọ̀kan ni mí.”

Ó ń fi èdè tí mo lè gbọ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó ṣàánú mi ni. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo dé orí ìbéèrè kẹta. “Ọmọ ibo ni yín, mà?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. “Ọmọ ibí,” ni ó wí.

Bírò mi dúró. Nínú gbogbo ojúlé tí mo ti wọ̀, òun ni ẹni àkọ́kọ́.

Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun àti ọkọ òun wọ igbó náà láti Odigbo, tọmọdé tọmọdé ni àwọn wà, igi àfàrà kan ló wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn kòkó fún gbogbo ẹni tó dáko nítòsí. Abẹ́ rẹ̀ ló bí àkọ́bí rẹ̀ sí nítorí òjò kò jẹ́ kí wọ́n dé ilé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ ta ilẹ̀, katakata sì dé.

“Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ti igi yẹn. Igi ò lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, igi ṣubú, ẹ̀rọ náà sì pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọ́n fà á dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ò lọ mọ́. Ohun méjì ló kú lọ́jọ́ yẹn, ọma mi. Àwọn ọlọ́kadà mọ orúkọ ọ̀kan. Wọn ò mọ ti èkejì.”

Mo ní ẹ kú àmúmọ́ra.

“Sọ̀féyọ̀ yín ní ibi kùkùté yìí ni omi wà,” ni ó wí. “Ibí nìkan ló kù fún mi. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ẹ, wọn á wú u. Mo gbà. Àwọn ọmọ wọn ń mu ẹrẹ̀, mo ń rí wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ orúkọ ibí sí bọ́ọ̀dù wọn lẹ́nu ọ̀nà, bí ọkọ mi ṣe ń pè é.”

“Kí ni wọ́n ń pè é, mà?”

“Ùdí-Àfàrà.”

Mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń da gbogbo orúkọ kọ sínú ìwé tó mọ́, ìwé tí ayàwòrán pátákó yóò lò. Mo dé orí Ùdí-Àfàrà, mo dúró. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi pé fáwẹ́lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Mo mọ Ìdí-Ìrókò, mo mọ Ìdí-Ọ̀pẹ. Mo ní màmá ò lọ sí ilé-ìwé, ahọ́n ló yọ̀ lẹ́nu wọn. Mo kọ Ìdí-Àfàrà. Mo tilẹ̀ fi àmì sí i dáadáa. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: inú mi dùn nígbà tí mo ṣe é. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, mo lérò pé ẹ̀kọ́ mi wúlò fún ẹnìkan.

Pátákó

Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìmọ́tótó, ni wọ́n ri pátákó náà mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ katakata. Wọ́n fi aṣọ bò ó. Ìyá Kòkó wá, ó wọ aṣọ òkè kan tó ti ṣá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un lọ́wọ́. Alhaji ṣí aṣọ náà, ó sì kà á sókè nítorí màmá ò mọ̀ ọ́n kà: “Ìdí-Àfàrà!”

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Kòkó ò pàtẹ́wọ́.

“Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Ìdí-Àfàrà, mà.”

“Ta ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Alhaji wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Màmá náà tún ìró rẹ̀ ró. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ mi ò sí fún yín mọ́,” ni ó wí, ó sì yí padà. Ó rọra ń rìn lọ láàárín àwọn ilé tuntun, kò sì wo ẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀rọ yóò dé.

Wọ́n ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Ajé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaji. “Lẹ́tà kan!” ni Alhaji ń sọ. “Lẹ́tà kan ṣoṣo! Mo wa mọ́tò títí irun mi fi funfun, mi ò rí ibi tí lẹ́tà kan ti dá mọ́tò dúró rí.”

“Alhaji,” ni bíríkìlà ará Òkénè wí, “bí wọ́n bá pa lẹ́tà kan dà lára nọ́mbà mọ́tò yín ńkọ́? Ṣé ọlọ́pàá á jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá?”

Ẹ̀rín ta. Alhaji náà rẹ́rìn-ín, ó bínú pé òun rẹ́rìn-ín.

“Kí ni màmá yẹn fẹ́ gan-an?” Màmá Chíkà bèèrè.

“Ó ní Ùdí ni, kì í ṣe Ìdí,” ni Alhaji dá a lóhùn.

“Udi? Ìlú kan ń jẹ́ Udi lọ́dọ̀ wa o! Tó bá jẹ́ Udi ni, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ti délé nìyẹn.”

“Ẹ dúró ná,” ni Tísà wí. “Ẹni tó kọ pátákó náà ò ṣẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó fi u bẹ̀rẹ̀. Gírámà ò gbà á.”

Ó ṣe mí bíi pé kí n sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó rọrùn. Gbogbo wọn rò pé ayàwòrán pátákó ló ṣe é, mo lè dákẹ́. Mo dìde.

“Kì í ṣe ayàwòrán,” ni mo wí. “Èmi ni. Màmá pè é fún mi dáadáa, mo sì yí i padà.”

Màmá Chíkà ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. “Àńtí,” ni ó wí, “lọ bẹ̀ ẹ́. Omi ni o.”

Àdùkẹ́ àti Àṣàkẹ́

Mo lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi nìkan. Mo kúnlẹ̀ sínú ìrì. Ó ń gbá ìta, kò dúró. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, mo sì ṣe àṣìṣe mìíràn, torí bí ẹ̀rù bá ń bà mí, mo máa ń ṣàlàyé jù.

“Ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní, mà. Ìdí àti Ùdí, ìsàlẹ̀ igi ni méjèèjì.”

Ó gbé ìgbálẹ̀ dúró. “Kí ni oríkì rẹ nílé yín?”

“Àdùkẹ́, mà.”

“Bí mo bá pè ọ́ ní Àṣàkẹ́ ńkọ́? Ṣé ìkẹ́ kan náà kọ́?”

“Ta ni Àṣàkẹ́?” ni ó tún bi mí. “Ọmọ ẹlòmíràn ni. Ó dára, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn ni. Igi ti lọ. Ọkọ mi ti lọ. Kùkùté yìí, ẹ fẹ́ wú u, mo sì ní kí ẹ wú u. Ẹnu tí a fi ń pè é nìkan ló kù. O gbé e, o lọ fọ̀ ọ́ mọ́.”

Ó padà sí gbígbá rẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo rántí ìyá bàbá mi, bó ṣe máa ń sọ Òǹkò, ẹ̀ka èdè wa, tó jinlẹ̀, àti bí wọ́n ṣe nà wá lẹ́gba nílé-ìwé nítorí pé a sọ ọ́ ní kíláàsì. Nígbà tí ìyá bàbá mi fi darúgbó tán, mo ti ń dá a lóhùn bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ó máa ń wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò. Mo rò pé ó ń fi mí yangàn ni. Mo sọkún níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe nítorí omi nìkan.

Nígbà tó gbálẹ̀ tán, ó ní, “Dìde. Ìrì ò dára fún orúnkún. Sọ ọ́ kí n gbọ́.”

“Ùdí-Àfàrà.”

“O gbé e ga jù. Kì í ṣe ẹni tó bú ọ lò ń dá lóhùn. Sọ ọ́ nílẹ̀.”

“Ùdí-Àfàrà.”

“Ẹ̀ẹ̀kan sí i.”

Mi ò mọ iye ìgbà tí mo sọ ọ́. Ní ìgbẹ̀yìn ó ní, “Bí ó bá wà lára bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kí Ọjọ́rú tó ṣú, mú ìwé wá, n ó tẹ̀ka sí i.”

Mo sáré lọ bá Síkírù, ayàwòrán pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì.

“Ẹ̀yin alákọ̀wé,” ni ó wí. “Ẹ ní Ì, mo kọ Ì. Ẹ tún ní Ù. Ṣé lọ́la ẹ ò ní í sọ pé Ọ̀ ni?”

“Síkírù, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ti tẹ́lẹ̀ á ṣì máa yọjú lábẹ́ o. Kò níí parẹ́ tán.”

Òótọ́ ló sọ. Bí ẹ bá súnmọ́ pátákó náà, ẹ ó rí àṣìṣe mi láàárín apá méjèèjì Ù, bí egungun ẹja nínú ọ̀fun. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Lẹ́yìn náà mo tún gbogbo ìwé kọ, èyí tí sọ̀féyọ̀ yóò lò àti èyí tí wọn yóò mú lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, mo sì kọ àdéhùn ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Ìyá Kòkó ní kí n ka ìwé náà sí òun létí. Gbogbo ibi tí orúkọ náà bá ti jáde, ó máa ń di ojú. Mo kà á dé ìparí. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀, mo fi tàdáwà kùn ún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà pẹ́, bí ẹni tó ń tẹ irúgbìn mọ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

Kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti ń fi àáké àti ọkọ́ bá kùkùté náà jà. Bíríkìlà ló ṣáájú. Ìyá Kòkó gbé àga rẹ̀ jáde, ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé orí gbòǹgbò tó lọ tààrà sísàlẹ̀, bíríkìlà gbé àáké rẹ̀ dúró, ó bojú wo màmá náà. Gbogbo wọn dúró.

“Kí lẹ ń wò?” ni ó wí. “Ẹ gé e. Ó ti kúrò nílẹ̀, ó ti dé ẹnu yín.”

Wọ́n gé e. Nígbà tó ṣí kúrò, ihò tó kù tóbi bí yàrá, omi pupa díẹ̀ sì ti ń sun nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀sán ni àwọn agbẹ́kànga dé. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọkùnrin kan tó ń kánjú, ó di fáìlì kan mú, ó ń kọ nǹkan sí i lórí ìrìn. Ó ka ìwé àdéhùn náà wàràwàrà. “Ó dáa,” ni ó wí, “kí lorúkọ ibí? Ìdí-Àfàrà, àbí?”

Mo la ẹnu. Kí ohùn mi tó jáde, Màmá Chíkà ti pariwo láti ẹ̀yìn mi: “Ù! Ùdí!”

“Ù ni, ọ̀gá,” ni Alhaji wí.

“Ùdí-Àfàrà,” ni bíríkìlà wí, àáké ṣì wà léjìká rẹ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ dákun, irú Yorùbá wo nìyẹn?”

Tísà, ẹni tó ní gírámà ò gbà á, ló dá a lóhùn. “Ti ibí ni,” ni ó wí. “Ẹ kọ ọ́ bí a ṣe pè é.”

Ọkùnrin náà pa ohun tó ti kọ rẹ́, ó tún un kọ. Mo wo Ìyá Kòkó. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ̀rọ náà lè ráyè kọjá.